Ẹni Ọ̀sán àti Ẹni Òru Nínú Ọkọ̀ Kan Ṣoṣo

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjokòó, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó dúró lẹ́yìn nítorí pé àga kò tó, mo kí yín kú ìkàlẹ̀. Ẹni tó pè mí ní kí n wá sọ bí ènìyàn ṣe lè dá tu ọkọ̀ ojú omi kékeré, kí ó sì máa dá a tún ṣe. Mo bi í pé wákàtí mélòó ló fún mi. Ó ní ẹyọ kan. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi ń kọ́ ọ, n kò sì tíì kọ́ ọ tán, nítorí náà ẹ má retí pé ẹ ó di atukọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá.

Ẹni tó bá ń dá tukọ̀, ènìyàn méjì ni. Èkíní ni ẹni ọ̀sán. Ọkọ̀ wà ní èbúté, oòrùn ń ràn, irinṣẹ́ wà nílẹ̀, kò sí ohun tó ń lé e. Èkejì ni ẹni òru. Ó ti rẹ̀ ẹ́, òtútù ń mú un, ọkọ̀ ń gbé e sókè ó ń sọ ọ́ sílẹ̀, ọwọ́ kan ló sì fi ń ṣiṣẹ́ torí pé ó fi èkejì di nǹkan mú. Ẹni ọ̀sán ló ń tún ọkọ̀ ṣe, ẹni òru ló ń jẹ èrè rẹ̀ tàbí ìyà rẹ̀. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, ṣùgbọ́n wọn kì í pàdé. Bí ènìyàn mẹ́rin bá wà nínú ọkọ̀, tí ẹnì kan ṣe iṣẹ́ gbàrọgùdù, ẹlòmíì á rí i, á bá a wí. Nínú ọkọ̀ tèmi, ta ni yóò bá mi wí?

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìtìjú ara mi.

Ọkọ̀ mi gùn tó mítà 8. Fáíbà ni wọ́n fi ṣe é, ó ní òpó kan, ìgbòkun méjì, àti ẹ́ńjìnnì dísù (diesel) kékeré kan. Nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ihò tó wà lábẹ́ omi pọ̀ ju bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe lè rò lọ. Ihò wà tí omi òkun ń gbà wọlé láti mú kí ara ẹ́ńjìnnì tutù, òmíràn wà fún omi ìfọwọ́, òmíràn fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní fáàfù tí a lè fi ọwọ́ tì, láti ara fáàfù ni hóòsì rọ́bà sì ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó so hóòsì mọ́ fáàfù kò ju kílíìpù irin kan lọ, irú èyí tí à ń fi sukurúdiráfà fún. Àwọn tó mọ iṣẹ́ máa ń fi méjì sí ẹnu hóòsì kọ̀ọ̀kan, kí èkejì lè dúró bí èkíní bá jẹrà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo pààrọ̀ hóòsì ẹ́ńjìnnì. Mo fún kílíìpù kan. Èkejì wà nínú báàgì tí mo gbé sílẹ̀ lókè èbúté, kò jù bí ogójì ìṣísẹ̀ lọ. Mo wo ibi tí báàgì wà, mo wo hóòsì. Mo fà á, kò mì. Mo ní, "Eléyìí náà ti tó. N ó fi èkejì sí i lọ́la." Ẹ̀yin náà mọ irú ọ̀la yẹn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní nǹkan bí aago méjì òru, mo ti fi ilẹ̀ sílẹ̀ láti bíi wákàtí méje, mo gbé ẹsẹ̀ sọ̀kalẹ̀ láti orí ibùsùn, ẹsẹ̀ mi bá wọ inú omi.

N kò pariwo. Ta ni ǹ bá pariwo sí? Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé mo ti ìka bọ omi náà, mo tọ́ ọ wò. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí kò bá ní iyọ̀, táǹkì omi mímu ló jò tàbí òjò ló wọlé, ìyẹn kò lè rì ọkọ̀. Bí ó bá ní iyọ̀, òkun ti rọ́nà wọlé nìyẹn, òkun kì í sì í tán. Mo tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kejì bóyá ahọ́n mi ló ń purọ́. Iyọ̀ ni.

Nígbà tí mo délé ni mo ṣe ìṣirò kan tó gba oorun lójú mi. Bí ihò tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5 bá ṣí sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60 sísàlẹ̀ ojú omi, omi tí yóò máa wọlé tó bíi lítà 4 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Èyí tó lítà 240 ní ìṣẹ́jú kan péré. Kò sí apá ọmọ ènìyàn tó lè fi pọ́ọ̀ǹpù ọlọ́wọ́ lé ìyẹn bá. Orí ló kó mi yọ: hóòsì náà kò tíì yọ tán, ó kàn fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́nu fáàfù, omi ń gba àlàfo rẹ̀ wọlé. Mo ní kí n ti fáàfù. Fáàfù kọ̀, kò yí. Ẹni ọ̀sán kò fọwọ́ kàn án láti ìgbà tó ti ra ọkọ̀, iyọ̀ ti dì í pa. Igi ẹlẹ́nu ṣóńṣó tó yẹ kí n fi dí ihò náà wà nínú ọkọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó wà lábẹ́ aṣọ ibùsùn, lábẹ́ àpò kan, nínú àpótí tí mo gbàgbé pé mo ní. Mo fi páìpù irin kan gun ìdí sípánà kí ó lè gùn sí i, mo dùbúlẹ̀ sínú omi yẹn, mo fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yí, ariwo tó ṣe dà bí ìgbà tí eyín já.

Kò sí ìjì lálẹ́ ọjọ́ náà o. Òṣùpá ń ràn, afẹ́fẹ́ rọra ń fẹ́, òkun tẹ́ bí ẹní. Bí ẹ bá bi àwọn ènìyàn pé kí ló ń pa ẹni tó dá wà lórí omi, wọn á ní ìjì. Ogójì ìṣísẹ̀ tí n kò rìn ló fẹ́ pa èmi.

Láti ọjọ́ náà, igi ṣóńṣó kọ̀ọ̀kan wà lára fáàfù tirẹ̀, okùn ni mo fi so ó mọ́ ọn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù, mo máa ń yí gbogbo fáàfù lọ, yí i bọ̀. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Ọkùnrin àkọ́kọ́ tó dá fi ọkọ̀ yí ayé po ni Joshua Slocum. Ó kúrò ní Boston ní oṣù kẹrin ọdún 1895, ó padà sí ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní oṣù kẹfà ọdún 1898, ó ti rìn ju 46,000 máìlì lọ. Ìyẹn ni gbogbo ènìyàn ń sọ. Ohun tí èmi fẹ́ràn jù nínú ìtàn rẹ̀ ṣẹlẹ̀ kí ó tó kúrò nílẹ̀ rárá. Ọkọ̀ náà, Spray, ògbólógbòó ọkọ̀ ni, inú pápá ni wọ́n tì í sí, wọ́n fi aṣọ bò ó. Ẹni tó fún un lọ́fẹ̀ẹ́ kàn fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Slocum gé igi fúnra rẹ̀, ó yọ pákó jíjẹrà, ó fi tuntun sí i lọ́kọ̀ọ̀kan títí ọkọ̀ fi di ọ̀tun. Oṣù 13 ló fi ṣe é, owó tó ná sórí ohun èlò sì jẹ́ dọ́là 553 àti sẹ́ǹtì 62. Ẹ gbọ́ sẹ́ǹtì 62 yẹn! Ẹni tó ka sẹ́ǹtì mọ́ owó ọkọ̀ rẹ̀, ẹ má rò pé yóò gbàgbé kílíìpù sókè èbúté. Nígbà tí onítọ̀hún dé àárín òkun ní òru, kò sí ìṣó kan tí kò mọ ìdílé rẹ̀. Kò mọ̀ọ́ lúwẹ̀ẹ́, ẹ fojú inú wò ó.

Ẹlòmíì tí mo fẹ́ràn ìtàn rẹ̀ ni Robin Knox-Johnston. Ní ọdún 1968, ènìyàn 9 ló gbéra nínú ìdíje pé kí wọ́n dá yí ayé po láìdúró níbì kankan. Òun nìkan ló parí rẹ̀, lẹ́yìn ọjọ́ 312. Suhaili, ọkọ̀ rẹ̀, kò yá rárá, ó tilẹ̀ ń jò lábẹ́. Kí ló ṣe? Ó wọ inú òkun Àtìláńtíìkì lọ, ó ń mí sínú, ó ń rì lọ sísàlẹ̀ ọkọ̀, ó ń kan aṣọ àti bàbà pẹlẹbẹ mọ́ ojú ibi tó ń jò, ó ń yọrí láti mí, ó tún ń padà. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ tó ń bá a tọ́ ọkọ̀ bàjẹ́, rédíò rẹ̀ kú, omi mímu inú táǹkì rẹ̀ bàjẹ́. Àwọn tí ọkọ̀ wọn yá ju tirẹ̀ wà nínú ìdíje náà. Àwọn ènìyàn ń yìn ín fún ìgboyà. Èmi, ọwọ́ rẹ̀ ni mo ń yìn.

Mo ti sọ̀rọ̀ ihò tó. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ oorun, torí pé ibẹ̀ ni gbogbo yín ń retí, mo rí i lójú yín.

Òfin àgbáyé tó ń darí ọkọ̀ lójú òkun, tí wọ́n ṣe ní ọdún 1972, sọ nínú ìlànà rẹ̀ karùn-ún pé ọkọ̀ gbogbo gbọ́dọ̀ máa ṣọ́nà nígbà gbogbo, pẹ̀lú ojú àti etí. Kò yọ ẹni tó dá wà sílẹ̀. Ẹni tó bá dá rìn ju ọjọ́ kan lọ yóò sùn, bí ó bá sì ti sùn, ó ti rú òfin. N kò ní ta aṣọ bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Ohun tí a lè ṣe ni pé kí oorun náà kúrú. Ẹ óò gbọ́ pé ogún ìṣẹ́jú ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n ń sùn. Ẹ jẹ́ ká wò ó. Òfin kan náà ní kí iná orí òpó ọkọ̀ ńlá ṣe é rí láti máìlì òkun 6, ó kéré tán. Bí ọkọ̀ ńlá bá ń sá máìlì òkun 20 ní wákàtí kan, tí tèmi ń sá 5, tí a dojú kọ ara wa, máìlì 25 là ń jẹ nínú àlàfo wa ní wákàtí kan. Máìlì 6 yóò tán láàárín ìṣẹ́jú 14 àti díẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú dà? Òótọ́ ni pé lálẹ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́, iná máa ń hàn láti ọ̀nà jíjìn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀rọ AIS tó ń fi ọkọ̀ hàn lójú gíláàsì sì máa ń pariwo bí ọkọ̀ bá ń sún mọ́ni. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú méjìlá ni tèmi níbi tí ọkọ̀ ńlá ń gbà. Nítòsí ilẹ̀, n kì í sùn rárá, torí pé àpáta kì í tan iná, àwọ̀n apẹja kì í sì í fọn fèrè.

Àìsùn náà ní ọ̀ràn tirẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, etí á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohun tí kò sí. Èmi gbọ́ tí ìyá mi pè mí láti inú yàrá iwájú ọkọ̀, ohùn rẹ̀ gan-an, pé kí n wá gbé nǹkan. Mo dìde, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo ń bọ̀." Mo ti dé ẹnu ọ̀nà kí n tó rántí ibi tí mo wà. Slocum náà rí tirẹ̀: inú ń run ún, ó dùbúlẹ̀ nílẹ̀ yàrá, ó sì rí ọkùnrin kan níbi ìtọ́kọ̀ tó sọ fún un pé atukọ̀ Pinta lòun, ọ̀kan nínú ọkọ̀ Columbus. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ọkọ̀ wà lójú ọ̀nà tó yẹ kó wà. Ọkọ̀ Spray ló mọ ọ̀nà: bí Slocum bá ti to ìgbòkun rẹ̀ bó ṣe yẹ, tó so ìtọ́kọ̀ mọ́lẹ̀, ọkọ̀ náà ń lọ fúnra rẹ̀. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé n kì í ṣe ìpinnu ńlá kankan ní òru ọjọ́ kẹta. Bí ìpinnu kan bá wà, ẹni ọ̀sán ti gbọ́dọ̀ ṣe é, kí ó ti kọ ọ́ sílẹ̀: bí afẹ́fẹ́ bá tó báyìí, ká ìgbòkun kù, bí o bá dé ẹnu èbúté lẹ́yìn tí ilẹ̀ ṣú, má wọlé, padà sójú òkun kí o dúró de òwúrọ̀. Ẹni òru kò gbọ́dọ̀ jiyàn. Kì í ṣe pé kò gbọ́n, ó ti rẹ̀ ẹ́ ni.

Nípa kíká ìgbòkun, ohun tó ń tan àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ jẹ ni pé wọ́n rò pé bí afẹ́fẹ́ bá di ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ náà di ìlọ́po méjì. Ìlọ́po mẹ́rin ni. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ máìlì òkun 10 ní wákàtí kan tẹ́lẹ̀ tó wá di 20 ti fi ọwọ́ mẹ́rin mú òpó rẹ. Ẹni tó bá dá wà kì í dúró dìgbà tí ọkọ̀ bá fì kí ó tó lọ síbi òpó, torí pé òun kan náà ló ń tọ́kọ̀, tó ń fa okùn, tó ń ká aṣọ. Bí ó bá ti wá sí ọ lọ́kàn pé "ṣé kí n ká a ni?", ká a.

Bàbá kan ní ìlà kejì gbé ọwọ́ sókè níbí, wọ́n ní, "Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Kí ló lé ọ dé ibẹ̀ ní ìwọ nìkan?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Bàbá, òótọ́ lẹ sọ. N kò sọ pé ó dára ju kí a pọ̀ lọ o. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ló yàtọ̀. Nígbà tí a bá pọ̀, mo máa ń kọ́ bí a ṣe ń rìn pọ̀. Nígbà tí mo bá dá wà, mo máa ń rí ibi tí mo ti ń rẹ́ ara mi jẹ." Wọ́n mi orí. N kò mọ̀ bóyá wọ́n gbà.

Ọ̀rọ̀ kí ènìyàn já sómi. Ẹ̀yin tó ní ọkọ̀, ẹ gbọ́ èyí. Bí ọkọ̀ bá ń sá máìlì òkun 5 ní wákàtí kan, ó ń fi mítà méjì ààbọ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Láàárín ìṣẹ́jú kan ó ti jìnnà sí ọ tó mítà 150, ẹ̀rọ tó ń tọ́ ọ kò sì mọ̀ pé o ti sọ̀kalẹ̀. Àwọn kan ní àwọn á máa fa okùn gígùn lẹ́yìn ọkọ̀ kí àwọn lè dì í mú. Mo dán an wò. Ọ̀rẹ́ mi tọ́ ọkọ̀ lọ́jọ́ tí òkun sùn lọ fọnfọn, mo bọ́ sómi tinútinú, mo di okùn náà mú. Omi kún ẹnu àti imú mi, apá mi gùn bíi ti ìnàkí, n kò lè fa ara mi síwájú ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan. Ọ̀rẹ́ mi ń bi mí pé "Ṣé ó dára?", n kò lè yanu dáhùn. Ọjọ́ tí òkun ń sùn nìyẹn o, nínú aṣọ ìwẹ̀.

Nítorí náà, okùn ààbò tèmi kúrú. Ó so mọ́ àyà mi, ó so mọ́ okùn pẹlẹbẹ tó lọ láti ìdí ọkọ̀ dé iwájú, ó sì kúrú débi pé bí mo bá ṣubú, n kò ní kọjá etí ọkọ̀. Èyí tó gùn débi tó lè jẹ́ kí n dé inú omi kò gbà mí là, ó kàn ń wọ́ mi kiri ni.

Ẹ jẹ́ kí n yára kọjá lórí ẹ́ńjìnnì, torí pé bí mo bá dúró níbẹ̀, ẹ ó sùn. Dísù kò ní wàhálà púpọ̀: epo mímọ́, afẹ́fẹ́, omi tó ń mú un tutù. Ṣùgbọ́n kí ló dé tó fi jẹ́ pé ẹnu èbúté, níbi tí ìgbì ti ga jù, tí àpáta wà lọ́tùn-ún lósì, ló máa ń kú sí? Ìdọ̀tí ti sùn sísàlẹ̀ táǹkì láti oṣù mẹ́fà. Níbi tí omi bá tẹ́, kò sí ẹni tó jí i. Ìgbì ló ń rò ó pọ̀, epo á gbé e lọ, fílítà á dí. Kì í ṣe àjẹ́. Mo máa ń kún táǹkì dé ẹnu bí ọkọ̀ bá máa dúró pẹ́, torí pé inú àlàfo táǹkì ni ìrì ti ń sẹ̀, inú omi ìrì yẹn sì ni kòkòrò ti ń hù nínú dísù. Mo sì ti kọ́ bí a ṣe ń pààrọ̀ fílítà, tí a sì ń lé afẹ́fẹ́ jáde nínú páìpù epo, pẹ̀lú ojú dídì. Ẹ̀ẹ̀kíní tí mo dán an wò, ó gbà mí ní ìṣẹ́jú márùndínlógójì, mo sì da epo sí gbogbo ilẹ̀. Ó ti di mẹ́sàn-án báyìí.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo iṣẹ́ ọkọ̀ ni síńkì (zinc). Bí irin méjì tí kì í ṣe ọ̀kan náà bá kan ara wọn nínú omi iyọ̀, èyí tó tètè ń jẹrà nínú wọn yóò máa jẹrà, yóò sì máa dáàbò bo èkejì. Bàbà àti irin ló wà lábẹ́ ọkọ̀, nítorí náà a máa ń kan síńkì mọ́ wọn kí omi lè jẹ ẹ́ dípò wọn. Ẹbọ gan-an ni, ẹbọ tí a fojú rí bó ṣe ń fín. Bí ó bá ti jẹ dé ìdajì, a pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan ló fi ayọ̀ hàn mí pé síńkì òun kò jẹ rárá fún ọdún méjì, ó ṣì ń dán gbinrin. Mo ní, "Ọmọ mi, ìyẹn ni kí ẹ̀rù bà ọ́." Bí síńkì kò bá jẹ, nǹkan mìíràn ló ń jẹ. A wò ó: ó ti kun ún ní ọ̀dà. Ọkọ̀ rẹ̀ ti ń fi àjẹ̀ ẹ́ńjìnnì, èyí tó ń yí lábẹ́ omi láti ti ọkọ̀ síwájú, rúbọ láti ọjọ́ yìí.

Àwọn wáyà irin tó gbé òpó ró náà nìyẹn. Ojú kì í rí i bí okùn irin tín-ín-rín kan bá já nínú wọn. Mo máa ń mú bébà ìnujú pẹlẹbẹ, mo máa ń fi nu wáyà láti òkè dé ìsàlẹ̀, pàápàá níbi tó ti wọ ẹnu irin ìdè rẹ̀. Níbi tí bébà bá ti há, tó fi òwú funfun sílẹ̀, ó já níbẹ̀. Ọwọ́ lásán náà lè rí i, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ á dà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ń pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ láàárín ọdún 10 sí 15, bí kò tilẹ̀ tíì já. Mo mọ ẹni tó ní kò sídìí fún un. Òpó rẹ̀ wó lọ́sàn-án gangan.

Ọ̀dọ́bìnrin kan bi mí pé, "Ṣé ẹ̀rù kì í bà yín, sà?" Ó ń bà mí. Àmọ́ mo fẹ́ kí ó bà mí nílẹ̀, ní èbúté, nígbà tí irinṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀rù ọ̀sán ń jẹ́ kí ènìyàn rin ogójì ìṣísẹ̀. Ẹ̀rù òru, ọwọ́ ló ń mú gbọ̀n, kò sì sí ohun tí mo lè fi ọwọ́ tó ń gbọ̀n ṣe. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Nínú ọkọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da omi kankan síwájú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn yé mi.

Mo ní ìwé kékeré kan tí mo so mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ́ńpáàsì. Ẹni òru ló ń kọ ọ́, ẹni ọ̀sán ló ń kà á. Ìwé ẹ̀sùn ni. Ẹ jẹ́ kí n ka díẹ̀ níbẹ̀ bí mo ṣe kọ ọ́, ọwọ́ kíkọ rẹ̀ burú: "Iná kọ́ńpáàsì ń fọ́ mi lójú, fi pupa sí i." Òótọ́ ni, bí ojú bá ti rí iná funfun, ó ń gbà tó ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n kí ó tó tún lè ríran dáadáa nínú òkùnkùn. Ìmíì: "Ta ló gbé sípánà sí ibi tí mo ń sùn?" Ìmíì: "Okùn ìgbòkun iwájú le bí igi, n kò lè ta á. Pààrọ̀ rẹ̀ kí o tó tún gbé mi jáde." Ìmíì, ọ̀rọ̀ kan péré, mo fà á nídìí lẹ́ẹ̀mẹta: "Kílíìpù." Bí mo bá ti so ọkọ̀ mọ́ èbúté, n kì í lọ sílé kí n tó ka ohun tí onítọ̀hún kọ. N kì í sì í bá a jiyàn.

Àkókò ti ń lọ, olóòtú ètò ti ń wo aago. Mo mú okùn mẹ́fà wá, wọ́n wà lórí tábìlì níwájú yìí. Mo ti fi kókó olójú hàn yín lẹ́ẹ̀kan kí a tó bẹ̀rẹ̀, èyí tí kì í yọ, tí kì í sì í há. Àwọn tó ní àwọn ti mọ̀ ọ́n ta, ẹ jáde wá. Ẹ mú okùn kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ọwọ́ òsì di tábìlì mú, ẹ má fi í sílẹ̀. Ó dára. Ìwọ tó wà nídìí ògiri yẹn, jọ̀ọ́, bá wa pa iná.